Ògì Èso Pupa Tí Fenja Kò Sè

"Má fa èso náà lẹ́yọ lẹ́yọ bẹ́ẹ̀ yẹn, ò ń tẹ̀ ẹ́ fọ́! Já a tìdì tìdì." Ìyá Àgbà Telse na ọ̀pá rẹ̀ sí àwọn igi èso kúkúrú tó wà lẹ́yìn ilé. "Tí a bá délé ìdáná, fọ́ọ̀kì la ó fi gbọ̀n ọ́n kúrò lára ìdì rẹ̀. Wẹ́rẹ́ ló ń bọ́."

"Mo gbọ́, Ìyá Àgbà," ni Fenja dáhùn. Ó ju èso pupa kan sẹ́nu, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀. Ó kan gógó! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ni, ó máa di ọjọ́ Sátidé kó tó pọ́n tán.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Fenja. Ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Òkun Àríwá ni òun, Maren ìyá rẹ̀, àti Ìyá Àgbà tó bí Maren jọ ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni Maren, iṣẹ́ kì í sì í jẹ́ kó ráyè jókòó sílé, nítorí náà Ìyá Àgbà ló tọ́ Fenja dàgbà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà òtútù tó kọjá ni àìsàn ọkàn ti dá ìyá arúgbó náà wó. Oúnjẹ kò wù ú jẹ mọ́. Ohun yòówù kí wọ́n sè, yóò tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, á sì ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí: Rote Grütze, ògì èso pupa tí ìyá tirẹ̀ máa ń sè nígbà ooru, tí wọ́n á jẹ́ kó tutù dáadáa, kí wọ́n tó da wàrà tútù lé e lórí.

"Ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń sè é, kí n kọ ọ́ sínú fóònù mi," ni Fenja wí.

"Kọ kí ni? Ojú la fi ń sè é, a kì í kọ ọ́." Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó sì húkọ́ díẹ̀. "Tí omi èso bá ń hó, wàá da ságò sí i, hóró kéékèèké tó ń mú kó ki. Hóró rẹ̀ á funfun báláú. Bí o ṣe ń rò ó, á máa mọ́ bíi dígí. Ìgbà kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí o gbé e kúrò lórí iná. Tí o bá yá jù, hóró rẹ̀ á máa ha sí eyín. Tí o bá pẹ́ jù, á yọ̀ bí ikun."

"Ìgbà wo gan-an wá ni?"

"Èmi ni mo máa fi hàn ọ́. Màmá rẹ ò ráyè kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè é rí, ìyẹn ń sáré kiri bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìwọ ni mo fẹ́ fi lé lọ́wọ́ kí n tó lọ. Ní Sátidé, èmi á jókòó, ìwọ á máa rò."

"Ẹ má sọ pé ẹ ń lọ síbì kankan, jọ̀ọ́. Ní Sátidé la máa sè é. Mo ṣèlérí."

"Ó dáa. Fi àwọ̀n bo igi yìí kó tó dìgbà náà o. Àwọn ẹyẹ yìí ò ní bi mí léèrè kí wọ́n tó jẹun."

Fenja ní òun á bò ó. Kò bò ó. Lónìí, iṣẹ́ ilé ìwé, lọ́la, fóònù. Àwọ̀n náà wà nínú ahéré ẹ̀yìn ilé níbi tó ti ń sùn láti ọdún tó kọjá.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, oòrùn yọ, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Fenja ń wá fọ́ọ̀kì tí wọ́n fẹ́ lò nígbà tí Rieke, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwé, pè é.

"Fenja, jáde wá! Bọ́ọ̀sì etí òkun ò ní pẹ́ kọjá. Gbogbo wa là ń lọ."

"Mi ò lè wá. Èmi àti Ìyá Àgbà fẹ́ se ògì èso."

"Ògì kẹ̀?" Rieke bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ta ló sọ ẹ́ di arúgbó? Ògì tó kún ilé ìtajà fọ́fọ́! Ó dáa, jókòó ti ìkòkò ẹ. Jonte ń bọ̀ o. Èmi á bá ẹ kí i."

Ọ̀rọ̀ Jonte yìí ló bà á jẹ́. Láti ìgbà tí ọmọkùnrin náà ti dé kíláàsì wọn ni ọkàn Fenja kò ti dúró sójú kan. Ó wọ ilé ìdáná. Ìyá Àgbà ti jókòó síbẹ̀, ó ti so aṣọ ìdáná mọ́ra, ó ti fọ abọ́ dígí ńlá, ó sì gbé e sórí tábìlì.

"Ìyá Àgbà," ni Fenja wí, kò sì wo ojú rẹ̀, "wọ́n ní ká wá kàwé nílé Rieke. Ìdánwò ìṣirò ti sún mọ́lé. Ṣé a lè sè é lọ́la?"

"Ìwé ṣe pàtàkì," ni Ìyá Àgbà wí. "Lọ, ọmọ mi. Ọ̀la náà ọjọ́ ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn aṣọ ìdáná náà, kò tètè tú. Fenja rí i, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ń bọ̀.

Ẹ má bi mí bí ìgbádùn etí òkun náà ṣe rí. Jonte kí i lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí Fenja rí mú bọ̀, yàtọ̀ sí iyanrìn tó kún bàtà rẹ̀.

Nígbà tó padà dé nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ilé ló gbà wọlé. Ó yà á lẹ́nu, ó dúró gbagidi. Àwọn ẹyẹ ti jẹ igi èso náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìdì lásán ló ń mì nínú afẹ́fẹ́, èso díẹ̀ tó já bọ́ sì ti fọ́ sórí koríko.

"Yéè! Mo gbé!"

Bó bá wọlé lọ nígbà náà, tó ní, "Ìyá Àgbà, mo parọ́ fún yín, mi ò bo igi, ẹyẹ ti jẹ ẹ́ tán," ìtàn yìí ì bá gba ibòmíràn. Ìyá Àgbà ì bá bínú tàbí kó má bínú. Ṣùgbọ́n ojú ti Fenja, ìtìjú sì máa ń ti ọmọdé sínú ọ̀fìn tó jìn ju èyí tó ń sá fún lọ. Maren wà lẹ́nu iṣẹ́, Ìyá Àgbà ti sùn. Fenja fo orí kẹ̀kẹ́, ó gba ilé ìtajà lọ, nítorí wọn kì í ṣí i lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó ra ògì èso pupa tí wọ́n ti sè sínú ike, ó tún mú omi fànílà aláwọ̀ ìyeyè, ohun dídùn tí àwọn ẹlòmíràn ń dà sórí rẹ̀, tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó délé, ó da ògì náà sínú abọ́ dígí, ó fi díẹ̀ kun inú ìkòkò kan, ó sì gbé ìkòkò náà sójú sítóòfù kí wọ́n lè rò pé ó lò ó.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ó gbé e tọ Ìyá Àgbà lọ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Mo ti sè é o! Ẹ ti sùn lánàá, mi ò fẹ́ jí yín."

Ìyá Àgbà wo omi aláwọ̀ ìyeyè tó wà lórí ògì náà. Nínú ilé yìí, láti ayé ìyá tó bí i, wàrà tútù nìkan ni wọ́n ń dà sí i. Ẹni tó bá da nǹkan mìíràn sí i, àlejò ni. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò lè sá pamọ́ fún un. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.

"Ìwọ nìkan lo sè é?" ló béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àgbà."

"Èso náà pọ̀ tó?"

"Ó pọ̀ tó."

Ìyá arúgbó náà mú ṣíbí. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi láàárín, títí àwo náà fi ṣófo. "O ṣeun, ọmọ mi," ló wí, ó sì yí ojú sí ògiri.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, nígbà tí Fenja gbé tíì lọ fún un, Ìyá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Fenja, ṣé kò sí nǹkan tí o fẹ́ sọ fún mi?"

Ó ku díẹ̀ kí Fenja jẹ́wọ́. "Kò sí o, Ìyá Àgbà. Ẹ sinmi."

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ó dáa. Kò burú." Lọ́jọ́ kejì, Fenja wà ní kíláàsì nígbà tí olùkọ́ rọra pè é síta. Ọkàn Ìyá Àgbà ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójú oorun.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ará abúlé kóra jọ láti mu kọfí, kí wọ́n sì jẹ kéèkì bọ́tà gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Fenja kò jẹ nínú rẹ̀. Ó jáde síta, ibẹ̀ ni Bàbá Hinnerk, aládùúgbò tí ọgbà nìkan pààlà ilé rẹ̀ pẹ̀lú tiwọn, ti bá a.

"Má sunkún jù," ni bàbá náà wí. "Ó fẹ́ràn ẹ. Ó jẹ ògì ilé ìtajà yẹn tán nítorí ẹ."

Fenja gbójú sókè. "Bàbá, ta ló sọ fún yín?"

"Òun fúnra ẹ̀ ni. Ṣebí fèrèsé ẹ̀ ló dojú kọ igi náà? Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló fi ń wo àwọn ẹyẹ, kò lágbára àtidìde lé wọn. Nígbà tí mo yọjú sí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ní igi tèmi ṣì kún, mo bò ó ní tèmi, kí n já èso wá kẹ́ ẹ lè sè é. Ó ní rárá. Ó ní, 'Jẹ́ kí ọmọ náà wá sọ fún mi fúnra ẹ̀. Tó bá ti sọ ọ́ báyìí, mo máa ní kó sáré wá sọ́dọ̀ ẹ, ká jọ sè é. Ó máa sọ ọ́. Mo mọ ọmọ mi.'" Bàbá Hinnerk nu imú. "Ó dúró dè ẹ́, Fenja."

Fenja jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé, ó sì sunkún kíkorò. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn ni èso ń bẹ lọ́dọ̀ Bàbá Hinnerk lẹ́yìn ọgbà, tí ìdáríjì sì ń bẹ lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbólóhùn kan tí kò sọ ni kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó méjèèjì.

Maren jáde wá bá a níbẹ̀, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Kí ló dé, ọmọ mi?"

Lọ́tẹ̀ yìí, Fenja kò pa á mọ́. Ó ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: àwọ̀n, Jonte, ike, ìkòkò tó fi ògì kùn. Nígbà tó sọ ọ́ tán, Maren kò bú u. Ó jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn náà, omi sì bọ́ lójú òun náà. "Èmi náà ṣì ń sọ pé mo máa ráyè kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè é lọ́dọ̀ ìyá mi," ló wí. "Ní báyìí, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́ nínú ilé wa."

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òtítọ́ kò pẹ́ rárá kó tó lé irọ́ Fenja bá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ fetí sí i: àṣìṣe Fenja ní àtúnṣe, irọ́ tó fi bò ó ni kò jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Bí ẹ bá ṣẹ ẹni tó fẹ́ràn yín, ẹ tètè sọ fún un nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́. Fenja ti sọ òtítọ́ náà fún ìyá rẹ̀. Ẹni tó dúró dè é kò sí níbẹ̀ mọ́ láti gbọ́ ọ.