Ohùn Inú Àdìzátù

Àdìzátù ń sun oorun ọ̀sán lórí ẹní, ni ẹnu ẹ̀ bá là, tí ohùn kan bọ́ síta tí kì í ṣe tiẹ̀. Ohùn tín-ín-rín, bí ẹ̀fọn létí èèyàn.

"Àwa méjì la wà níbí."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Mùíbì, ọkọ ẹ̀ tó ń lẹ táyà ládùúgbò Akpakpa. Oyún ìyàwó ẹ̀ ti pé oṣù méje. Ó sáré lọ sọ fún ìyá tiẹ̀.

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Alùámúdù! Ìbejì ni! Ìwọ ọ̀lẹ yìí náà di bàbá ìbejì!"

Láti ọjọ́ náà, bí agbẹ̀bí bá ti ní kí Àdìzátù wá kí àwọn yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, ìyá á ní rárá. "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi méjì ni wọ́n fẹ́ fà? Kí ló ń ṣe é?" Lóòótọ́, nǹkan kan ò ṣe Àdìzátù. Ó ń ru igbá ọṣẹ lọ sí ọjà Tokpa, orí ò tiẹ̀ fọ́ ọ.

Ìgbà tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ wo inú ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ni.

"Èkejì sá pamọ́ sẹ́yìn ni," ìyá wí.

Mùíbì fa agbẹ̀bí sí kọ̀rọ̀, ó rọra sọ ohun tó gbọ́. Agbẹ̀bí ò rẹ́rìn-ín. Ojú ẹsẹ̀ ló fa ẹ̀jẹ̀ Àdìzátù.

Àrùn ẹ̀dọ̀ ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ náà. "Ó lè máa gbé inú èèyàn kónítọ̀hún má mọ̀," agbẹ̀bí wí. "Ó sì lè ran ọmọ níbi ìbímọ. Ẹ má bí i sílé o. Bí ọmọ bá ti jáde báyìí, ká gún un lábẹ́rẹ́."

Àárọ̀ ọjọ́ tí Àdìzátù ń rọbí, ìyá dí ẹnu ilẹ̀kùn. "Ilé yìí ni mo bí ìwọ Mùíbì sí, kí ló ṣe ẹ́?" Mùíbì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tí kò ṣe rí láyé ẹ̀, ó gbé ìyàwó ẹ̀ sórí alùpùpù, ó di ilé ìgbẹ̀bí.

Wọ́n bí obìnrin. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ figbe ta, Mùíbì náà sunkún ayọ̀. Agbẹ̀bí gbé ọmọ lọ wọ̀n ní yàrá kejì.

Oorun ti gbé Àdìzátù lọ. Mùíbì bẹ̀rẹ̀ láti nu ojú ẹ̀. Ó ń gbọ́ igbe ọmọ lọ́hùn-ún dáadáa, ni ẹnu ìyàwó ẹ̀ bá là. Ohùn tín-ín-rín yẹn ni.

"Ó ti lọ. Ó wá ku èmi nìkan."