Ẹni Tó Ń Hun Apá Òsì

Òótọ́ ni ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Kì í ṣe àlá, kò sì sí àbùmọ́ nínú rẹ̀. Ọmọ́yẹlé tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà ní Molutehin, ó ń yan ẹja, ara rẹ̀ le. Ẹní tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí wà nílẹ̀ yàrá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án lè lọ fọwọ́ kàn án.

Ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ dúró lórí òpó nínú omi, láàárín Igbókòdá àti Òde Mahin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn obìnrin tí oògùn olóró ti sọ di ẹrú. Wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n ń sùn níbẹ̀, títí ara wọn á fi mọ́. Màmá Rhoda, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń mójú tó wọn.

Tramadó ló gbé Ọmọ́yẹlé débẹ̀. Nígbà tí ẹja bá pọ̀, ẹni tó ń yan án kì í sùn. Bí iná bá kú, ẹja á rà. Bí iná bá pọ̀ jù, ẹja á jó. Obìnrin kan fún un ní hóró tramadó kan, ó ní kò ní jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́. Lóòótọ́, kò rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, kò lè dìde lórí ibùsùn láìkọ́kọ́ gbé e mì. Lọ́jọ́ kan, Ọpẹ́fólúwa, ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò, rákò lọ sí etí pákó. Omi wà nísàlẹ̀. Ojú Ọmọ́yẹlé là sílẹ̀, ó ń wò ó, kò sì mira. Aládùúgbò ló sáré fa ọmọ náà lẹ́sẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀ kò pariwo. Ó kàn gbé ọmọ pọ̀n.

"Lọ gba ìtọ́jú," ó ní. "Bí o bá parí ẹ̀, wá gba ọmọ rẹ. Bí o ò bá parí ẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ní Òde Mahin ló máa dàgbà sí."

Ẹní híhun ni iṣẹ́ ilé náà. Ẹni tó bá dé, Màmá Rhoda á fún un ní koríko odò tó ti gbẹ dáadáa, á ní kó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí omi, kó bẹ̀rẹ̀ ẹní tirẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹní wọn máa ń wọ́, nítorí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Bí oògùn bá ṣe ń jáde lára, bẹ́ẹ̀ ni ẹní á máa tọ́. Màmá Rhoda á máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, á sì mọ ibi tí ìlera dé. Ọjọ́ tí ẹní bá parí, tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí ará ilé ẹni.

Ọmọ́yẹlé bẹ̀rẹ̀ ní apá ọ̀tún. Ó fi apá òsì sílẹ̀ gbalasa, pé bí òun bá hun apá kan tán, òun á bọ́ sí ìkejì. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ le. Ó ń làágùn nínú ọyẹ́. Egungun ń ro ó. Ẹní rẹ̀ wọ́ bí ọ̀nà ejò. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lẹ́nu rẹ̀. Oorun dé. Ó tún ń gbọ́ bí omi ṣe ń fọwọ́ gbá òpó ilé, gbá, gbá, jẹ́jẹ́. Ó pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Inú rẹ̀ ń dùn, kò sì fẹ́ sọ ọ́ síta, kí ayọ̀ náà má baà sá.

Òwúrọ̀ kan ni Beauty jí i. Beauty ń ṣe irun ní Igbókòdá tẹ́lẹ̀, kó tó di pé oògùn ikọ́ olómi mú un. Yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì ń sùn.

"Ìyá Ọpẹ́, o ò sọ fún mi pé iwin ni ẹ́."

"Kí ni mo ṣe?"

"Dìde, wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ."

Wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìkùukùu bo omi. Kò sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kankan tó ń dún. Ẹní Ọmọ́yẹlé wà níbi tó fi í sí. Apá òsì tó fi sílẹ̀ gbalasa ti ní híhun nínú. Kò pọ̀. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ni. Ó sì wọ́, bí ìgbà tí ọwọ́ ẹni tó hun ún ń gbọ̀n.

Ọmọ́yẹlé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e.

Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Gbogbo pákó ilé tutù bí omi. Ibẹ̀ nìkan ló lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ibi tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

"Ìwọ lo hun ún," ó sọ fún Beauty.

"Èmi? Tèmi gan-an mi ò hun ún tán."

Màmá Rhoda yọ lẹ́yìn wọn. Ó wo ẹní náà. Lẹ́yìn náà ó wo ojú Ọmọ́yẹlé, ó sì wò ó pẹ́. Ọmọ́yẹlé mọ ohun tó ń wá. Ẹni tó bá gbé tramadó mì kì í sùn. Ó lè fi gbogbo òru ṣiṣẹ́.

"Ta ló fún ẹ?" Màmá Rhoda bi í.

"Màmá, mo fi ọmọ mi búra, mi ò gbé nǹkan kan mì."

"Má fi ọmọ búra. Lọ tọ̀ sínú ike yìí."

Ọmọ́yẹlé tọ̀ sínú rẹ̀. Ó jókòó sórí pákó, ó ń dúró de èsì. Bí àyẹ̀wò náà bá fi oògùn hàn, gbogbo rẹ̀ di àtúnbẹ̀rẹ̀, Ọpẹ́fólúwa á sì máa pe obìnrin mìíràn ní ìyá.

Àyẹ̀wò náà mọ́. Kò sí nǹkan kan nínú ìtọ̀ rẹ̀.

Màmá Rhoda da ìtọ̀ náà nù. Ó ká ẹní náà, ó gbé e wọ yàrá tirẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹ sójú gbogbo wọn. Apá òsì ti gùn sí i.

Ó kúnlẹ̀ tì í. Ó fi ìka tẹ̀ lé híhun náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó hun apá òsì yìí máa ń ki koríko bọ abẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó fà á. Ọmọ́yẹlé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Beauty kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìka Màmá Rhoda dúró lójú kan, bí ẹni tó ti rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Kò kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ mọ ọwọ́ ẹni náà?" Beauty béèrè.

"Ẹ lọ mu ògì yín kó tó tutù."

Ó wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, bó bá ń pín koríko, ìdì méjì ló ń gbé síwájú Ọmọ́yẹlé. Ọmọ́yẹlé á gbé ìkejì sí apá òsì.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Tí Ọmọ́yẹlé bá hun tirẹ̀ lójúmọmọ, nígbà tí yóò fi jí, apá òsì náà á ti bá a dọ́gba. Kò gbẹ́yìn, kò sì sáré jù ú lọ. Ohun tó kó o láyà jẹ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé apá òsì náà ń tọ́. Ó ń tọ́ díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀ ṣe ń tọ́. Ẹni yòówù kó jẹ́, ara òun náà ń mọ́.

Beauty kò yéé ṣe yẹ̀yẹ́. "Sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ kó bá mi dé ọ̀dọ̀ tèmi náà. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Ìwọ fúnra ẹ pè é."

"Èmi kọ́. Kó má lọ dá mi lóhùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń ba Ọmọ́yẹlé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kò gbé oúnjẹ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà míì, tó bá fẹ́ lọ sùn, á to koríko apá òsì dáadáa, á mú èyí tó ti ṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀, bí ẹni ń tẹ́ ìjókòó sílẹ̀ fún àlejò.

Kọ́lájọ, ọkọ rẹ̀, gbé ọmọ wá kí i. Ọpẹ́fólúwa wò ó, ó yíjú, ó sì fi ojú pamọ́ sí ọrùn bàbá rẹ̀. Ó sunkún títí wọ́n fi wọ ọkọ̀ padà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló burú jù. Òǹgbẹ oògùn náà dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti inú egungun, ó gòkè wá sí ahọ́n. Àwọn yòókù wà nínú ilé, wọ́n ń kọ orin àdúrà. Ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ kékeré ta bisikíìtì àti bátìrì sún mọ́ ẹsẹ̀ àkàbà. Ó wo Ọmọ́yẹlé lẹ́ẹ̀kan, ó sì mọ ohun tó ń ṣe é.

"Àǹtí, mo ní in lọ́wọ́," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Mú un lọ. Tí mo bá tún kọjá, a máa yanjú ẹ̀."

Ó na páálí pẹlẹbẹ kan sí i. Ọmọ́yẹlé sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Omi kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó na ọwọ́. Ìka rẹ̀ ti kan páálí náà.

Ìgbà náà ló gbọ́ ọ. Ṣíì. Ṣíì. Koríko ń gba inú koríko kọjá. Orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń dún, lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ṣíì. Ṣíì.

Ìró náà sì dúró.

Gbogbo ayé dákẹ́. Kò gbọ́ orin mọ́. Kò gbọ́ omi. Ara rẹ̀ sọ fún un pé ẹnì kan ti gbé iṣẹ́ sílẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń wo òun. Kò bínú. Ó kàn ń dúró.

Ọmọ́yẹlé fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Mi ò ṣe," ó ní.

Ọkùnrin náà ń wo orí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ki àjẹ̀ bọ omi, ó sì lọ kánkán. Kò gba iwájú ilé náà mọ́.

Nígbà tí Ọmọ́yẹlé gun òkè, kò sí ẹnì kankan lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Koríko kan yọrí ní apá òsì, wọ́n ti kì í bọ abẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò tíì fà á. Ó jókòó sí apá ọ̀tún. Ó ń sunkún, ó ń hun. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ṣíì, ṣíì ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò yíjú. Àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ títí ojú fi ṣú, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ bí kò ti balẹ̀ rí láti ìgbà tó ti bímọ.

Ẹní náà parí kí ọyẹ́ tó lọ. Màmá Rhoda fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láti òkè dé ìsàlẹ̀, apá ọ̀tún, lẹ́yìn náà apá òsì.

"Ó tọ́," ó ní. "Àwọn ará ilé ẹ á dé láàárọ̀ ọ̀la."

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Kọ́lájọ dé pẹ̀lú ọmọ. Ọpẹ́fólúwa ti ń rìn. Ó dúró lórí pákó, ó wo Ọmọ́yẹlé láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń rò ó. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, kó gbé òun. Ọmọ́yẹlé gbé e. Kò rántí bó ṣe pẹ́ tó tó ti dì í mọ́ra.

Ó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ká ẹní rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i.

Ní ẹ̀gbẹ́ ẹní tirẹ̀, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Apá òsì nìkan. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Wọ́n ti ki koríko rẹ̀ bọ abẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó sì wọ́. Ó wọ́ ju bí ti àkọ́kọ́ ṣe wọ́ lọ.

Ọmọ́yẹlé dúró, ọmọ wà léjìká rẹ̀. Òun ń lọ sílé, ẹni apá òsì sì ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọkọ̀ mìíràn kan àkàbà. Ọmọbìnrin tín-ín-rín kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń pè é ní Hàmdálàt. Ètè rẹ̀ bó, ojú rẹ̀ pọ́n, kò lè di àpò rẹ̀ mú dáadáa. Màmá Rhoda mú un wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tọ́ka sí ẹní tuntun náà, ó sì wọlé.

"Ibo ni kí n jókòó sí, àǹtí?" Hàmdálàt béèrè.

"Apá ọ̀tún."

"Ta ló wà ní apá òsì?"

Ọmọ́yẹlé ká ẹní rẹ̀ sábẹ́ apá. Kọ́lájọ ń pè é láti inú ọkọ̀.

"Má bẹ̀rù," ó ní. "Ọwọ́ ẹni náà ń gbọ̀n bíi tìẹ."