Ìdajì Gbólóhùn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, obìnrin òǹkọ̀wé kan wọ yàrá àwọn ọmọdé ní ilé ìkàwé, ó sì bá ọkùnrin gìrìwò kan lórí àga tí a ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́ta, tí ó ń gbó bí ajá.

"Háù! Háù! Ajá ní, 'Ilé ta nìyí?' Ológbò ní, 'Ilé mi ni!'"

Orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó ń kàwé lọ ràì, kò mí, kò sinmi. Ọmọbìnrin kékeré tí ó jókòó sí itan rẹ̀ ń wò ó sùn-ún, kò sì fọhùn.

Òǹkọ̀wé náà kò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan. Bí ìwé ìròyìn bá ń fẹ́ àpilẹ̀kọ lórí ìlera, lórí ìwé kíkà, tàbí lórí bí ọmọ kékeré ṣe ń kọ́ èdè, òun ni wọn a ránṣẹ́ sí. Iṣẹ́ ni ó gbé e wá síbẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ pa á.

"Ẹ má bínú o. Ajá yín ti sọ̀rọ̀, ológbò yín ti sọ̀rọ̀. Ìgbà wo ló máa kan ọmọ?"

Ojú ọkùnrin náà ro. "Kì í sọ̀rọ̀, àǹtí. Jẹ́jẹ́ la ń pè é. Ọmọ àbúrò mi ni. Àbúrò mi ò sí mọ́." Ó tún ohùn ṣe. "Aago ni mò ń tún ṣe. Ariwo aago ni ṣọ́ọ̀bù mi látàárọ̀ dalẹ́. Bí ibì kan bá dákẹ́, ẹ̀rù ló máa ń bà mí."

"Ẹ ka ìdajì gbólóhùn, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ dúró dè é."

"Tí kò bá dáhùn ńkọ́?"

"Ẹ ṣì dúró."

Ó dúró. Ní Sátidé kan tẹ̀ lé òmíràn, yóò kà pé, "Ajá sá wọ inú...", yóò sì fi eyín di ètè mú, òógùn yóò bò ó bí ẹni tí ó ru ẹrù. Títí tí Jẹ́jẹ́ fi mí kanlẹ̀ ní ọjọ́ kan, bí ẹni tí àánú rẹ̀ ṣe.

"Ilé," ni ó wí.

Ọkùnrin náà sọkún láìbo ojú. Òǹkọ̀wé kọjú sí ògiri, nítorí omi ti lé sí ojú tirẹ̀ náà, kì í sì í ṣe nítorí ọmọ nìkan.

Kò pẹ́ tí "àǹtí" fi di "olólùfẹ́ mi". Ní ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn aago, ó di ọwọ́ obìnrin náà mú. "Mo fẹ́ kí o..." Ó dákẹ́.

"Parí ọ̀rọ̀ rẹ, jàre!"

"Ìwọ lo kọ́ mi. Mò ń dúró."

"Dúró di Sátidé, aláròyé mi."

Ìyá ọkùnrin náà, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá àgbà, kò gba ti obìnrin yìí rárá. "Aṣọ ìsùn ló fi ń ṣiṣẹ́! Kí ló ń kọ? 'Ẹ mu omi, ẹ sùn dáadáa.' Ta ni kò mọ ìyẹn?"

Òǹkọ̀wé kọ nípa Jẹ́jẹ́ fún ìwé ìròyìn kan, pẹ̀lú àṣẹ ọkùnrin náà. Ẹ̀bẹ̀ kan ni ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́: kí ó má sí orúkọ, kí ó má sí fọ́tò, kí ẹnikẹ́ni má baà nàka sí ọmọ náà lójú pópó. Obìnrin náà sì ṣèlérí. Ìwé ìròyìn náà jáde kí Sátidé tó pé. Ojú Jẹ́jẹ́ gba odindi ojú ìwé kan, wọ́n sì kọ gàdàgbà sókè rẹ̀ pé: ỌMỌ TÍ KÒ LÈ SỌ̀RỌ̀.

"O ṣèlérí fún mi."

"Èmi kọ́ ni mo fún wọn ní fọ́tò!"

"Ta wá ni? Àbí Jẹ́jẹ́ ló gbé ara rẹ̀ lọ?"

Obìnrin náà dúró dè é kí ó parí gbólóhùn ọjọ́sí. Kò parí rẹ̀. Aago nìkan ni ó ń dún. Olóòtú ìwé ìròyìn náà sì kọ̀ jálẹ̀, kò sọ ẹni tí ó mú fọ́tò wá.

Nígbà tí ilé ìkàwé pe gbogbo òbí jọ, òǹkọ̀wé ni wọ́n ní kí ó kàwé. Díẹ̀ ni ó kù kí ó má lọ. Nítorí àwọn ọmọ ni ó ṣe lọ. Ọkùnrin náà wà níbẹ̀, nítorí Jẹ́jẹ́ kò jẹ́ kí ó gbádùn nílé. Ìyá àgbà jókòó tì wọ́n, ó fi ọwọ́ lẹ́rán.

"Ewúrẹ́ délé, kò bá ọsàn rẹ̀ mọ́. Ó béèrè pé, ta ni ó mú..." Òǹkọ̀wé dákẹ́, ó sì dúró.

Jẹ́jẹ́ gun orí àga. "Ìyá àgbà!"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà ló mú ọsàn?" ni òǹkọ̀wé bi í.

"Rárá! Fọ́tò. Ìyá àgbà mú fọ́tò. Lọ ọ́fíìsì. Èmi náà lọ. Ó ní, 'Ìwọ ò kúkú ní sọ.'"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ìyá àgbà sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́. "Mo rò pé..." Kò sí ẹni tí ó bá a parí rẹ̀. Gbogbo wọn dúró. "Mo rò pé obìnrin yìí yóò gbà yín mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi ni. Èmi ni mo ṣe é."

Ọkùnrin náà dìde, ó gba àárín àwọn àga kéékèèké kọjá dé iwájú òǹkọ̀wé. "Mo ṣẹ̀ ọ́. Dárí jì mí. Mo fẹ́ kí o..."

Obìnrin náà kò jẹ́ kí ó dúró rárá. "Fẹ́ mi," ni ó wí. "Mo gbà."