Ipa Ìka Funfun Lára Báàgì Fèyí

Wọ́n ti jí ìwé ìrìnnà Fèyí. Báàgì dúdú rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó lára ògiri kíláàsì, ṣùgbọ́n síìpù rẹ̀ là sílẹ̀. Ọ̀la ni ìdánwò ẹnu rẹ̀ lórí èdè Ítálì ní Ìbàdàn, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí kò mú ìwé ìrìnnà dání wọlé. Bí ọ̀la bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ń lé ní Ítálì lọ́hùn-ún di ti ẹlòmíràn.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Tahirah ti Awẹ́ dé Ìlọra kí oòrùn tó wọ̀. Obìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ wọ́n ni. Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni kíláàsì èdè Ítálì náà, kálukú níbẹ̀ sì ń nàka sí ẹnì kejì.

Ó yẹ báàgì wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìpù ni ipa ìka funfun wà, ó ti gbẹ.

"Ṣọ́ọ̀kì ni," Fèyí wí. "Ọ̀kan nínú wọn ni. Ẹ yẹ ọwọ́ wọn wò."

Òótọ́ ni pé ṣọ́ọ̀kì kún ibẹ̀. Bí Tíṣà Ọlátúndé ṣe ń kọ́ wọn láti gé ọ̀rọ̀ sí sílébù nìyẹn: wọn a fi ṣọ́ọ̀kì pa ọwọ́, wọn a gbé e sábẹ́ àgbọ̀n, wọn a wá pe ọ̀rọ̀. Iye ìgbà tí àgbọ̀n bá kan ọwọ́ ni iye sílébù. Gbogbo wọn ni àgbọ̀n wọn funfun bí ti ọmọ tó mu ògì tí kò nu ẹnu.

Tahirah kọ́kọ́ pe Tíṣà. Ará Fìdítì ni, ó ti gbé Ítálì rí, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó jẹ́wọ́ pé òun àti Fèyí fa ọ̀rọ̀ lọ́sàn-án yẹn. Ó kọ disfare sójú pátákó, èyí tó túmọ̀ sí kí a tú ohun tí a ti ṣe ká. Ó gé e níbi tí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ parí sí: dis-fa-re. Ni Fèyí bá dìde, ó ní àfòmọ́ lọ́tọ̀, sílébù lọ́tọ̀; di-sfa-re ni wọ́n ń gé e.

"Ṣé ó tọ̀nà?" Tahirah bi í.

"Ó tọ̀nà. Ṣé torí ìyẹn ló ṣe yẹ kó dójú tì mí níwájú àwọn tí mò ń kọ́?"

"Ẹ kórìíra rẹ̀."

"Mo kórìíra ìwà àfojúdi rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá yege, èmi ni wọ́n máa sọ pé ó kọ́ ọ."

Sìrájù ló kàn, ọlọ́kadà tó ń du iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú Fèyí. Kò fi bò rárá. Ó ní bí Fèyí ò bá dé Ìbàdàn, inú òun á dùn. Ṣùgbọ́n nígbà ìsinmi tí ìwé náà sọnù, ṣéènì ọ̀kadà lòun ń tún ṣe níta. Gíríìsì ṣì kún ọwọ́ rẹ̀. Aṣọ inú báàgì náà sì rèé, yẹ́lò ni, kò ní àbàwọ́n dúdú kankan.

Tahirah wá béèrè ẹni tó tún wá nígbà ìsinmi. Wọ́n ní kò sẹ́ni, àfi Àlàkẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ Fèyí, tó máa ń gbé ọmọ Fèyí wá kó mu ọyàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ ni ọkọ Fèyí ti wà ní Ítálì. Fèyí ní Àlàkẹ́ fi ọmọ lé òun lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, òun sì lọ jókòó sábẹ́ igi láti fún un lọ́yàn. Ó ní kí wọ́n má dà á láàmú, ẹbí òun ni.

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Tahirah ní kí wọ́n ra ayodíìnì wá, oògùn egbò tó pupa rúsúrúsú nì. Ó ha ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ sórí ọmọrí ike, ó kán oògùn sí i. Àwọ̀ oògùn náà kò yí padà. Ó ha ti ara báàgì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kán an. Ó dúdú bí aró.

"Ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe báyìí," ó wí. "Iṣu, àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ ló ń ṣe é." Ó gbé báàgì sí imú, ó sì gbé e fún Fèyí. "Òórùn kí nìyí?"

Fèyí gbóòórùn rẹ̀. Òórùn fùfú ni, irú èyí tí Àlàkẹ́ ń ṣe nílé.

Wọ́n bá Àlàkẹ́ lẹ́yìnkùlé, ó ń sẹ́ fùfú, ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Ọmọ ń sùn lórí ẹní. Ó ní òun ò wọ kíláàsì rárá. Tahirah ò bá a jiyàn. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti ọwọ́ bọ inú dírọ́ọ̀mù tí wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́ sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn títí tó fi máa rọ̀, àfi ẹni tó ni ín. Ó fa ọ̀rá kan jáde, wọ́n dì í pinpin. Ìwé ìrìnnà wà nínú rẹ̀, omi ò kàn án.

Àlàkẹ́ kò sunkún. "Nígbà tó ń fún ọmọ lọ́yàn ni mo wọlé. Ìdí fùfú ni mo ti sáré wá, mi ò fọ ọwọ́. Nígbà tí ìyá wa kú, èmi ni mo tọ́ ọkọ rẹ̀. Mi ò lọ́kọ nítorí rẹ̀. Ó lọ, kò pè mí mọ́. Ìyàwó rẹ̀ náà tún ń lọ báyìí, wọ́n á fi ọmọ wọn tì mí. Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè, Fèyí."

"Ẹ̀yin lẹ ń pè mí lọ́mọ yín, Àǹtí."

"Mo pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ sọ mí dọmọ ọ̀dọ̀."

Tahirah ní bí Fèyí bá fẹ́, ọ̀rọ̀ náà lè parí sílé. Fèyí nu ìwé ìrìnnà mọ́ aṣọ rẹ̀.

"Ẹ mú un lọ," ó wí. "Ẹ tì í mọ́lé."

Bí wọ́n ti ń mú Àlàkẹ́ wọ mọ́tò, ọmọ jí. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó ń ké. Fèyí gbé e, ó yí ojú rẹ̀ síbòmíràn, síbẹ̀ kò dákẹ́. Mọ́tò lọ. Fèyí dúró lójúde pẹ̀lú ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ kan, ọmọ lọ́wọ́ kejì, kò sì mọ ẹni tí yóò gbé e sílẹ̀ fún lọ́la.