Ilẹ̀ Tó Ń Mu Omi

Bàtà onílé ni wọ́n rí. Wọn ò rí onílé.

Bàtà náà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́, wọ́n tò ó dáadáa, bí ẹni pé ẹni tó bọ́ ọ máa tó jáde. Kò jáde. Àdúgbò ti dá ẹjọ́ tiwọn: àbúrò rẹ̀ ló pa á. Ṣebí àbúrò ọ̀hún, tó jẹ́ télọ̀, ló bá a jà ní gbangba lórí ilẹ̀ bàbá wọn? Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti í mọ́lé.

"Ọ̀kan ti sọnù," ni ìyá wọn sọ, ó di ọwọ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ mú. "Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n pàdánù ìkejì."

Ojúlalákàn ni wọ́n ń pe obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yìí, torí kò sí ohun tó lè gba iwájú rẹ̀ kọjá kó má rí i. Àmọ́ kò mọ nǹkan kan nípa ilé kíkọ́, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí bíríkìlà, bàbá kan tí orí rẹ̀ ti funfun, mú òun yí ilé ká. Káfíńtà tẹ̀ lé wọn, apá ọ̀tún rẹ̀ wà nínú aṣọ tí wọ́n so kọ́ ọrùn rẹ̀. Ó já bọ́ láti orí òrùlé kí onílé tó dàwátì.

"Èmi náà bá a jà o," ni káfíńtà wí kí ẹnikẹ́ni tó bi í. "Ó ní igi òrùlé mi wọ́. Àmọ́ ẹ wo apá mi. Mi ò lè gbé abọ́ omi, kí ni màá fi gbé òkú?"

"Ta ló sọ pé ó ti kú?"

"Gbogbo àdúgbò ni, Ọ̀gá."

Inú ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Fèrèsé ò tíì sí, ihò lásán ló ń wò wọ́n.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Ìpìlẹ̀ nìyẹn, Ọ̀gá. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀. Òun ló gbé gbogbo ilé dúró." Ẹ mọ irú wọn, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn, ẹ ò ní lè dá wọn dúró. "Òpó nìyí. Irin wà nínú rẹ̀ bí eegun ṣe wà nínú apá. Bí nǹkan bá tẹ kọnkéré mọ́lẹ̀, á gbà á. Bí nǹkan bá fẹ́ ṣẹ́ ẹ, irin ló ń dá a dúró."

"Èyí tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ńkọ́?"

"Líńtẹ́lì ni. Òun ló ń gbé ẹrù ògiri òkè, kó má baà wó lé ẹni tó ń wọlé lórí." Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹni tó bá dín irin rẹ̀ kù, apànìyàn ni."

Ojúlalákàn pa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ sínú.

Wọ́n dé yàrá ẹ̀yìn. Ilẹ̀ àwọn yàrá yòókù funfun, eruku bò ó. Ti ibí yìí dúdú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Ó tutù rinrin.

"Ṣé òjò ló jò wọlé ni?"

"Òjò wo?" Káfíńtà gbaná jẹ. "Ọ̀gá, òrùlé tèmi kì í jò! Òjò ò tiẹ̀ rọ̀ látìgbà tí apá mi ti kán."

Bíríkìlà ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń jáde lọ.

Níta, Ojúlalákàn jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ní kí Bàbá náà jókòó. "Kọnkéré tuntun ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń tọ́jú rẹ̀?"

Ojú Bàbá là. "Ọmọ tuntun ni, Ọ̀gá! Ẹ̀ẹ́ wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ẹ̀ẹ́ wẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́, títí á fi gbó. Bí oòrùn bá tètè fa omi ara rẹ̀ gbẹ, á sán ni. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ní sùúrù ẹ̀. Èmi ò lè máa wo kọnkéré níran kó sán."

"Èyí tó ti gbó ńkọ́?"

"Ta ló tún ń wẹ ìyẹn?"

"Ìgbà wo lẹ da ilẹ̀ ilé yìí?"

"Ó ti pẹ́. Gbogbo ẹ̀ ló ti gbó. A ò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ látìgbà tí onílé ti sọnù."

Ojúlalákàn wò ó títí. "Bàbá, ta wá ló ń wẹ ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn?"

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ríbi wọ̀. Ilẹ̀ yẹn ò lanu. Ẹni tó dà á ló lanu.

"Omi àárọ̀ yìí ni," ni Ojúlalákàn ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Télọ̀ wà látìmọ́lé. Káfíńtà ò lè gbé abọ́. Ká tiẹ̀ ní àwọn ni wọ́n da kọnkéré tuntun síbẹ̀, kí ló kàn wọ́n bó bá sán? Ẹ̀yin nìkan lara yín ò gbà á."

Bàbá gbójú sókè wo líńtẹ́lì ẹnu ọ̀nà. "Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ilé tí mo kọ́ fún onílé yìí ṣáájú èyí ni. Onílé ló ní irin líńtẹ́lì ti pọ̀ jù, kí n dín in kù. Mo dín in kù. Ó wó lé ìyàwó mi lórí. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni, mo sì gbà."

"Ìgbà tí ẹ gbà, kí ló tún dé?"

"Mo ti tú ilẹ̀ yàrá yẹn, mo fẹ́ tún un dà torí kò dọ́gba. Onílé bọ́ bàtà kí ẹrẹ̀ má baà bà á jẹ́, ó wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní nílé tó kàn tí a máa kọ́, ká tún dín irin kù. Irin yẹn ló wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ wá jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa jìyà látìmọ́lé?"

Bàbá sunkún. "Ojoojúmọ́ ni mo ń fẹ́ wá sọ, Ọ̀gá. Àmọ́ kọnkéré ò tíì gbó."

Àwọn tó fọ́ ilẹ̀ náà làágùn kí wọ́n tó rí òkú. Kò sán níbì kankan.

Wọ́n tú télọ̀ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó sunkún títí, kó tó kọjú sí Ojúlalákàn.

"Wọ́n ní bíríkìlà ń da omi sí ọmọ mi lórí. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Bí èmi náà ṣe máa ń wẹ̀ fún un nìyẹn, nígbà tó wà lọ́mọ tuntun."

Ó gbé bàtà náà sábẹ́ apá, ó di ọwọ́ télọ̀ mú, wọ́n sì lọ sílé.