Ẹja Tó Gbọ́ Ìpè

Fèrè-òkun dún láàárọ̀ ọjọ́ náà, àmọ́ òkú ẹja wẹ́wẹ́ ló léfòó wá, kò sí èyí tó ju ìka ọwọ́ lọ. Àwọn ará Ìlú-Léfòó kó wọn, wọ́n sè wọ́n jẹ, wọn ò lè wo ojú ara wọn.

Láti ìgbà tí òkun ti gbé ilẹ̀ etíkun mì, orí pákó àti irin tó ń léfòó ni wọ́n ń gbé. Fèrè yìí ló ń bọ́ wọn: irin gígùn tí wọ́n rì sínú omi, tí ìró rẹ̀ ń pe ẹja wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akíntẹ́rìnwá tó ṣe é kò mọ ohun tó dé bá a.

Ìdí nìyẹn tí yunifásítì fi gbé ẹ̀bùn ìrìnàjò kalẹ̀ fún àwọn tó ń kàwé gboyè kejì nípa òkun àti ẹja. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀ abẹ́-omi tó ń lọ sí òkun tútù ní gúúsù ayé, níbi tí ẹja ń yé sí. Ìyùnadé ló gbà á. Ó gbé ọmọbìnrin rẹ̀, tí kò tíì rìn, lé bàbá tó bí òun gan-an lọ́wọ́: Máfimísẹ́bi, olórí àwọn apẹja.

"Máa lọ," ni bàbá wí. "Ebi ò ní pa á níṣojú mi."

Nínú òkùnkùn omi ọ̀hún, Ìyùnadé rí i. Àwọn ọmọ ẹja tí lẹbẹ wọn kò tíì le ń wẹ̀ lọ síbi tí fèrè ti ń pè wọ́n. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ń kú sí. Òkú wọn tẹ́ ìsàlẹ̀ òkun bí iyanrìn.

Ó fi ẹ̀rọ agbóhùn ké sílé. "Ẹ pa fèrè yẹn! Àwọn ọmọ ẹja ló ń pè, ó ń pa wọ́n tán!"

"Kí ni kí àwọn èèyàn jẹ?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í. "Ìwọ̀nba tó ń mú wá yìí ló gbé ẹ̀mí wọn ró."

Máfimísẹ́bi dá sí i. "Bí a bá pa á ńkọ́, Ìyùn?"

"Yóò tó ọdún méjì, bàbá, kí àwọn tó kù tó dàgbà, kí wọ́n tó wá fúnra wọn."

"Ó dá ọ lójú?"

Ìyùnadé rántí ọmọ rẹ̀. "Ó dá mi lójú, sà."

"Bàbá, ẹ má gbà!" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n kígbe. "Àwọn ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ kú!"

"Àgbẹ̀ tó bá se irúgbìn jẹ, kí ló fẹ́ gbìn?" ni Máfimísẹ́bi fi dá a lóhùn.

Ìyùnadé gbọ́ ìró àáké lórí wáyà tó ń fún fèrè lágbára. Òkun dákẹ́.

Lẹ́yìn ọdún méjì, nígbà tí ìwádìí parí tí ọkọ̀ gbé e padà, ẹja ń ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú. Ilé tó ṣófo pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ti rù kan eegun, dúró ní èbúté, ó di ọmọbìnrin kékeré kan tí ebi kò hàn lára rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Bàbá mi ńkọ́, sà?"

Ó wolẹ̀. "Koríko òkun là ń pín jẹ. Bí a bá ti bù fún bàbá, wọ́n á ní àwọn ti jẹun. A gbà wọ́n gbọ́. Ọmọ yìí ni wọ́n ń fún ní tiwọn, títí ebi fi pa wọ́n."

Ìyùnadé kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà figbe ta, ó sá sẹ́yìn Ọ̀jọ̀gbọ́n.