Ihò Àgbàdo ní Heathway

Jésùfẹ́mi kú sínú oko rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, kí ọ̀sẹ̀ náà sì tó parí, wọ́n ti ní Karimot ló jẹ ẹ́.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni Jésùfẹ́mi. Kò ṣàìsàn. Ó jẹun alẹ́, ó sùn, ó jí, ó ní òun fẹ́ yẹ oko wò kí òun tó lọ síbi iṣẹ́. Oko náà wà lẹ́yìn ìlà ilé kan ní Dagenham Heathway, ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kánsù fi ń yá àwọn ará àdúgbò kí wọ́n máa gbin ẹ̀fọ́ sí. Nígbà tí kò gbé fóònù rẹ̀, Mìdé ìyàwó rẹ̀ wá a débẹ̀. Ó bá a tó dojú bolẹ̀ lẹ́bàá ihò kan ní ààlà oko. Àgbàdo kíkan wà nínú ihò náà, wọ́n da epo pupa lé e. Kánnákánná mẹ́rin ń jà lórí rẹ̀.

Àwọn dókítà ní kí wọ́n dúró de èsì àyẹ̀wò. Ta ló fẹ́ dúró? Ẹni tó bá rí àgbàdo, epo àti ẹyẹ dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ti rò pé òun rí èsì.

Oko Karimot ló kan ti Jésùfẹ́mi. Opó ni, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ó ń se oúnjẹ ní ilé ìwé kan. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí, ó tẹ̀lé ọkọ wọ ìjọ aládùúrà. Ó ti lo ọgbọ̀n ọdún nínú aṣọ funfun, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń pè é ní Àlàájà tí inú bá ń bí wọn. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Kúnmi. Oyún ti bàjẹ́ lára Bọ́ládé, ìyàwó Kúnmi, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin ti wọ oṣù kẹjọ. Ohun kan ṣoṣo tí Karimot ń bẹ Ọlọ́run fún ni kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ọmọ yẹn.

Karimot ló da àgbàdo sí ihò. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹbọ. Oúnjẹ ìmàdò ni.

Ní oṣù kẹfà, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó kan já ọgbà lọ́wọ́ olóko kan lápá Romford, wọ́n gba etí odò wọ inú oko. Ọ̀dùnkún Karimot ni wọ́n kọ́kọ́ hú. Kò tíì sí ẹni tó rí wọn lójú. Àwọn èèyàn ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Gbádébọ̀, àbúrò ọkọ Karimot, wo ẹsẹ̀ wọn nílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀ ní Èkìtì.

"Ìyàwó, ìmàdò nìyí. Ẹran dé."

"Ọkọ mi, ẹlẹ́dẹ̀? Ìjọ wa kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ tún jẹ́ alàgbà."

"Ṣé inú ìjọ ni n ó ti jẹ ẹ́ ni? Ẹ̀rù ẹlẹ́dẹ̀ ò ní tán lára ìwọ Àlàájà yìí láé."

Ó gbé àgò irin ńlá kan pamọ́ sáàárín ẹ̀gún nísàlẹ̀ oko, géètì rẹ̀ ń já bọ́ láti òkè. Ó kọ́ Karimot ní iṣẹ́ náà. Rẹ àgbàdo bí ẹni fẹ́ ṣe ògì, kí ó kan kọjá ògì. Gbẹ́ ihò rẹ̀ jìn, kí ẹyẹ má baà jẹ ẹ́ tán. Da epo sí i, epo ló ń gbé òórùn lọ. Má dẹ àgò náà ná. Bọ́ wọn láràárọ̀, láti ihò dé ihò, títí wọn ó fi máa wọ inú àgò láìbẹ̀rù.

"Tí o bá fo ọjọ́ méjì," ni ó wí, "wọ́n ti gba ibòmíràn lọ nìyẹn."

Iṣẹ́ òru ni Gbádébọ̀ ń ṣe nígbà náà, kò lè débẹ̀ láàárọ̀. Karimot ló ń lọ ní ìdájí, kí ó tó lọ sí àdúrà òwúrọ̀. Gbádébọ̀ ní kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, kí kánsù má gba oko, kí ìjọ má gba oyè. Ó ní tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, òun fúnra òun ló máa sọ ọ́. Karimot gbà. Gbádébọ̀ ló bá a kó ẹrù nígbà tí kánsù fẹ́ wó ilé wọn ní Gascoigne, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó sin ọkọ. Karimot kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mìdé wá sẹ́nu ọ̀nà Karimot lọ́jọ́ kẹta ikú. Kò kí i.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí ọ ní ìdájí," ó ń pariwo, "nínú sùtánà, láìwọ bàtà, pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì! Kí ni Jésùfẹ́mi fi ṣe ọ́?"

"Mìdé, àdúrà ni mo ń lọ. Ta ló ń wọ bàtà sí sùtánà?"

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Àdúrà náà ló wà nínú ẹ̀?"

Karimot rántí ìlérí rẹ̀, ó wọlé padà. Ó pe Gbádébọ̀ lórí fóònù.

"Ọkọ mi, ẹ bá wọn sọ ọ́."

"Fara balẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, níwájú gbogbo ìjọ."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Bọ́ládé wá bá a, ọwọ́ lórí ikùn. Barking ni wọ́n bí i sí, tààrà ló máa ń sọ̀rọ̀.

"Mummy, just tell me. Àgbàdo yẹn, is it yours?"

"Tèmi ni. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ."

"Then what is it?"

"Dúró di ọ̀la, ọmọ mi."

"Oyún mẹ́ta, Mummy. Mẹ́ta!" Ó bú sẹ́kún, ó jáde.

Lọ́jọ́ Àìkú, Godswill aríran gbọ̀n, ó ké, ó ní òun rí obìnrin kan, òun rí àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo orí yí sí Karimot. Karimot yí sí Gbádébọ̀.

Gbádébọ̀ dìde. Ó fi áńkáṣífì nu ojú.

"Ẹ̀yin ará nínú Olúwa," ni ó wí, "ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sunkún lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ìdáǹdè fún un."

Karimot rò pé etí òun ló ń tan òun jẹ. Àwọn èèyàn ti ń ṣe àmín.

"Gbádébọ̀!" ó ké. Láti ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti gbé e wọ ilé wọn, kò pè é lórúkọ rí. "Gbádébọ̀, sọ fún wọn! Ìmàdò ni! Òun ló ní kí n máa bọ́ ìmàdò!"

"Ìmàdò?" ni obìnrin kan wí lẹ́yìn. "Ní Dagenham? Erin ńkọ́, ṣé ó wà ní Barking?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Karimot wá ojú Kúnmi. Kúnmi ń wo ilẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, Kúnmi dé.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ ilé wa padà. Títí Bọ́ládé á fi bímọ ni."

"Kúnmi, ìwọ náà gbà á gbọ́?"

"Mi ò mọ̀, Mọ́mì. Ọ́ńkù mọ̀ yín pẹ́ ju èmi lọ."

Karimot fún un ní kọ́kọ́rọ́ náà. Kò tún dé oko mọ́. Ọjà Heathway ni ó ti gbọ́ pé Bọ́ládé ti bí obìnrin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, Mìdé lọ ká àgbàdo tó kù lóko. Ó bá ihò náà. Àgbàdo tuntun wà nínú rẹ̀, epo rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ó ní àjẹ́ náà ò tíì jáwọ́. Ó pinnu láti ká a mọ́, kí ó sì ya fọ́tò rẹ̀.

Ìdájí mẹ́ta ló fi lúgọ sínú ṣẹ́ẹ̀dì ọkọ rẹ̀. Kánnákánná nìkan ló rí ní méjì àkọ́kọ́. Ní ẹ̀kẹta, irin já lu irin, gbàgà! Nǹkan kan han bí ọmọ tí wọ́n ń fà lápá ya. Mìdé dìde, ó lọ. Ó gba àárín ẹ̀gún kọjá.

Abo ìmàdò ńlá kan ń fi orí lu àgò. Gbádébọ̀ dúró tì í, bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Láti ìgbà tí Karimot kò ti wá mọ́, ó ti pààrọ̀ àkókò iṣẹ́ rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹran lọ.

"Alàgbà?"

"Mìdé, jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Ìmàdò nìyí," ni Mìdé ń wí ṣáá, fóònù lójú. "Ìmàdò nìyí. Ìmàdò nìyí."

Kí ó tó di ọ̀sán, fídíò náà ti dé ọwọ́ gbogbo ìjọ. Lọ́sẹ̀ kejì, èsì dókítà dé: ọkàn Jésùfẹ́mi ló ti ní àbùkù láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Mìdé kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Karimot.

"Dìde," ni Karimot wí. "Ọkọ rẹ kú. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú lè sọ ohunkóhun."

Gbádébọ̀ náà wá, pẹ̀lú àwọn alàgbà méjì. "Ìyàwó, àwọn àgbà ní ahọ́n àti eyín..."

"Má pa òwe fún mi. Ká ní o dákẹ́, ǹ bá ní ẹ̀rù ló bà ọ́. O ò dákẹ́. O sọ̀rọ̀." Ó ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà ni Kúnmi wá mú un lọ wo ọmọ. Ó ti pé oṣù kan àtààbọ̀. Karimot di òrí àti kànrìnkàn tuntun sínú àpò. Bọ́ládé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Thank you, Mummy. Mum mi ti bá wa wẹ̀ ẹ́ tán kó tó lọ. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́ báyìí."

Ó gbé ọmọ fún un. Ó dúró tì í, kò jókòó, kò kúrò níbẹ̀.

"Kí ni orúkọ tí ìdílé wa sọ ọ́?" Karimot béèrè.

"Olúwatùmínínú," ni Kúnmi wí. "Òun la kọ sínú ìwé ìbí."

"Ó dáa. Ta ló sọ ọ́?"

Kúnmi ń fi èékánná ha àga. "Ọ́ńkù ló dúró fún ẹbí lọ́jọ́ ìkómọ, Mọ́mì. A ò tíì mọ̀ nígbà yẹn."

Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Gbogbo èèyàn ń fi orúkọ yẹn pè é, ó sì ń dáhùn. Karimot ní tirẹ̀, "ọmọ" ló ń pè é. Tó bá pè é bẹ́ẹ̀, ọmọ náà kì í bojú wẹ̀yìn.